Mo tọpasẹ̀ gẹdú dé Gabon

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi kúrò l'Ékòó. Káfíńtà ni mí, ilẹ̀kùn àti kábínẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe. Oníbàárà kan tó ń gbé ní London ní kí n ṣe ilẹ̀kùn mẹ́fà fún òun, a ti ná an tán, ó kù kó fowó ránṣẹ́, ló bá tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí mi pé igi wo ni mo fẹ́ lò. Mo ní pílíwúùdù okoumé ni, ojúlówó, láti Gabon. Ó ní ṣé ó ní FSC? Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé tó máa fi hàn pé wọn ò jí igi náà gé, àti pé igbó tí wọ́n ti gé e ṣì ń jẹ́ igbó. Mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi, kò mọ̀, a jọ lọ bá ẹni tó tà á fún òun, ìyẹn náà ò mọ̀, ó tiẹ̀ tún ń bínú. Bí iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Nígbà tí mo rò ó fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta spare parts ní Libreville, wọ́n ní "Àbúrò, kúkú máa bọ̀, wá fojú ara ẹ rí i." Wọ́n ní kọ́ńpìnì agégẹdú kan wà tó máa ń ra ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi àti fíltà lọ́wọ́ àwọn, pé àwọn á bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì yẹn, àlejò ni wọ́n gbà mí, mi ò sì sọ fún wọn pé màá wá kọ nǹkan.

Ọjọ́ kìíní, Sátidé

Èkó sí Lomé, Lomé sí Libreville. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé torí Gabon ò jìnnà ẹ lè kàn gbé páálí yín dání kẹ́ ẹ máa lọ, Gabon ò sí nínú ECOWAS o, ẹ lọ gba físà. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ tó rí ilé kan, igi lẹ ó máa rí, ó ṣù mọ́ra bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n kì sínú agbọ̀n. Igbó ló gba nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Gabon, àwọn èèyàn tó ń gbé inú ẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, gbogbo wọn pọ̀ ò tó èrò Ìbàdàn.

Ọ̀gá immigration bi mi ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá wo igi. Ó ní igi? Ó yí ojú síta, ó rẹ́rìn-ín, ó lu páálí mi ní òǹtẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè

Ọjọ́ oúnjẹ ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ìbejì, ọmọ Kétu ní Benin ni wọ́n, Yorùbá wọn dùn létí ju tèmi lọ. Wọ́n mú nǹkan dúdú kan jáde tó dì bí ọṣẹ, ó ń rùn bí èéfín, wọ́n ní "Bọ̀dá Èkó, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò." Mo gbóòórùn ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní odika lorúkọ ẹ̀ níbí. Wọ́n rẹ́ díẹ̀ sínú ọbẹ̀, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ààpọ̀n! Ààpọ̀n tiwa gan-an, wọ́n kàn yan án, wọ́n sì lọ̀ ọ́ pọ̀ ni. Igi òro kan náà ni, andok ni wọ́n ń pè é ní Gabon, ẹ sì gbọ́ èyí: láti ọdún 2009 ni ìjọba wọn ti fi òfin de gígé ẹ̀, òun àti moabi àti douka àti afo àti ozigo, igi márùn-ún, torí pé àwọn ará abúlé ń jẹ lára wọn tàbí wọ́n ń fún òróró lára wọn. Mo jẹun mo ń ronú. Mo ti rí igi òro tí wọ́n là ní pákó rí nílé wa, èmi gan-an ti rà á rí, mi ò jẹ́ purọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọ́n ní kí epo rọ̀bì tó dé, okoumé ni Gabon ń jẹ, okoumé ni wọ́n ń mu. Igi yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hù níbòmíì láyé yìí yàtọ̀ sí Gabon àti àwọn tó múlé gbè é bí Congo àti Equatorial Guinea. Ó fúyẹ́, ó máa ń léfòó, wọ́n á so ìtì ẹ̀ pọ̀ kí odò gbé e lọ sétí òkun, ọkọ̀ ojú omi á kó o lọ sí Yúróòpù, wọ́n á sọ ọ́ di pílíwúùdù lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé nìyẹn, títí di ọdún 2010 tí ìjọba ní ìtì igi ò gbọ́dọ̀ jáde mọ́, ẹni tó bá fẹ́ igi Gabon kó wá là á níbí. Wọ́n ní ariwo pọ̀ lọ́dún yẹn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, àwọn oníbàárà tiwọn náà gbé owó sá, kó tó di pé àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni Ààrẹ Ali Bongo wá sọ pé gbogbo ẹni tí ìjọba fún ní igbó gbọ́dọ̀ ní FSC kó tó di ọdún 2022, ẹni tí kò bá ní in, kó kó ẹrù ẹ̀. Kò sí ìjọba tó tíì sọ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ibí yìí. Ìwé tí kọ́ńpìnì ń gbà tinútinú, tó bá wù ú, ló sọ di dandan. Nígbà yẹn nǹkan bí mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà péré ló ní in, ọwọ́ kọ́ńpìnì mẹ́ta ló sì wà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti kevazingo ṣẹlẹ̀. Igi pupa olówó gọbọi nìyẹn, àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn ẹ̀ fún tábìlì, òfin ti de gígé ẹ̀ láti 2018. Wọ́n bá a nínú kọ́ńténà ní èbúté Owendo, òmíràn wọ́n kọ okoumé sí i lára, ìwé ẹ̀ pé, òǹtẹ̀ ẹ̀ pé. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e. Kó tó di pé wọ́n yíjú padà, kọ́ńténà 353 ti pòórá. "Kì í ṣe abẹ́rẹ́ o, àbúrò!" Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín wọ́n ń lu itan. Lóṣù karùn-ún 2019 wọ́n yọ igbákejì ààrẹ àti mínísítà igbó níṣẹ́, wọ́n wá gbé Lee White, onímọ̀ igbó tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ọmọ Gabon, síbẹ̀. Ọdún 2022 yẹn náà ò ṣeé ṣe, wọ́n sún un síwájú, wọ́n ní ẹni tó bá gba PAFC, ìwé igbó míì tó jọ ọ́, dípò FSC náà dáa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gbàjọba lóṣù kẹjọ 2023.

Ohun tó dúró sí mi lọ́kàn ni pé igi yẹn ní ìwé. Okoumé ló wà lórí ìwé.

Ọjọ́ kẹta, Mọ́ńdè

Nkok, nǹkan bíi kìlómítà 27 sí Libreville. Ibẹ̀ ni ìjọba kó àwọn ilé-iṣẹ́ igi jọ sí lẹ́yìn òfin 2010, àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ló pọ̀ ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, èmi tí mo ti fi pílíwúùdù jẹun fún ogún ọdún, mi ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí! Wọ́n gbé ìtì okoumé sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí i, ọ̀bẹ gbọọrọ kan fẹ̀gbẹ́ kàn án, ó ń bó o bí ìyá ọlọ́sàn ṣe ń bó ọsàn tí èèpo ò já, abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jáde gbọọrọ bí aṣọ òkè, àárín igi ló máa kù, tín-ín-rín bí ọmọ odó. Mo dúró ńbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi fà mí lápá.

Ọmọ Íńdíà tó ń bójútó àgbàlá igi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ọlọ́run ṣeun. Mo bi í ní ìbéèrè London: níbo ni igi yìí ti wá? Kò rojú. Ó tẹ̀ síbi orí ìtì kan, ó ka nọ́mbà tí wọ́n fi hámà lù sí i, ó wò ó nínú kọ̀ǹpútà, ó sọ igbó, ó sọ ọdún tó jẹ́ ti abala igbó yẹn, ó tún sọ nọ́mbà igi náà. Àyà mi là gààràgà. Mo nawọ́ sí òkìtì kejì tó wà lápá ọ̀tún, ó mirí, ó ní ìyẹn ò ní FSC, ìwé ìjọba nìkan ló ní. Ilà pẹ́ńtì ló wà láàárín méjèèjì nílẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ dà á pọ̀, tí wọ́n bá dà á pọ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ di lásán.

Ó wá sọ èyí tó jẹ́ kí n jókòó. Ó ní sátífíkéètì igbó lọ́tọ̀, sátífíkéètì ọwọ́ tí igi ń gbà kọjá lọ́tọ̀. Ẹni tó gé e gbọ́dọ̀ ní in, ẹni tó là á, ẹni tó rà á wọ̀lú, ẹni tó fi kan ilẹ̀kùn, bí ìṣù ẹ̀wọ̀n. Tí ẹnì kan láàárín ò bá ní in, ibẹ̀ ló já sí, kódà kí igi náà ti inú igbó tó mọ́ jù wá. Mo ní ìyẹn ni pé pílíwúùdù mi lè ti ibí yìí wá, kó ní nọ́mbà, kó sì di aláìnílé ní Àpápá? Ó ní "Yes sir." Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ kẹrin, Túsìdeè

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Owendo lálẹ́. Transgabonais lorúkọ ọ̀nà irin yẹn, ó ju 600 kìlómítà lọ, ó gba inú igbó títí dé Franceville, ọdún 1986 ni wọ́n tẹ́ ẹ débẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, tí ọkọ̀ tó ń kó manganese bá ń bọ̀ láti Moanda ẹ ó dúró kó kọjá, ó gùn bí ọ̀sẹ̀ tí owó ò sí. Mo sùn, mo jí, igbó. Mo tún sùn, mo tún jí, igbó náà ni.

Ọjọ́ karùn-ún, Wẹ́sìdeè

A sọ̀ ní Lastoursville. Hilux kọ́ńpìnì wá gbé wa, wákàtí mélòó kan lórí ilẹ̀ pupa. Kí a tó wọ àgọ́ wọn, irin dábùú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ká sọ̀, wọ́n tú búùtù, wọ́n tú báàgì, wọ́n ṣí kúlà tí Màmá Ìbejì dì fún wa. Tòlótòló dídín ló wà ńbẹ̀. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wo egungun ẹ̀! Mo ní kí ni wọ́n ń wá, dírẹ́bà ní ẹran ìgbẹ́. Ọkọ̀ kọ́ńpìnì kankan ò gbọdọ̀ gbé ẹran ìgbẹ́ tàbí ìbọn, ọ̀kan nínú òfin FSC tí wọn ò fi ṣeré nìyẹn, torí ọ̀nà tí agégẹdú bá là ni ọdẹ máa ń gbà wọlé, kó tó pẹ́ igi á wà, ẹranko á tán. Nínú àgọ́ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta adìyẹ àti ẹja yìnyín kí òṣìṣẹ́ má bàa ráwáwí. Wọ́n dá tòlótòló wa padà. Ẹsẹ̀ kan ti dín, mi ò bèèrè.

Ọjọ́ kẹfà, Tọ́sìdeè

Èyí ni mo bá wá.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń bójútó ọ̀rọ̀ sátífíkéètì ńbẹ̀, Madame ni gbogbo wọn ń pè é, àwọn bàbá tó jù ú lọ ní ìlọ́po méjì ń bọ́ fìlà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń tú Faransé fún mi. Ó tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux, ó ní ẹ wò ó, a pín igbó yìí sí 25, apá kan la ń wọ̀ lọ́dún kan, a ò ní padà síbẹ̀ títí ọdún 25 á fi pé. Òfin igbó Gabon tọdún 2001 ló ti mú ètò yẹn wá, ìwé òyìnbó wá tẹ̀ lé e. Ó ní nínú hẹ́kítà kan, igi kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń mú. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀, ilẹ̀ tó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, igi méjì! Mo rántí igbó kan lọ́nà Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀ ní kékeré, tí èèyàn ò rí oòrùn nínú ẹ̀, tó jẹ́ pé òní tí mo ń kọ yìí, ẹni tó bá dúró lójú títì máa rí ẹni tó ń ṣegbọ̀nsẹ̀ lódìkejì.

Àwọn tó ń ka igi ló kọ́kọ́ máa ń wọlé, ọdún kan kí ẹ̀rọ tó dé. Igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, ó wà lórí máàpù. Okoumé tí ìbú ẹ̀ ò bá tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àmì pẹ́ńtì méjì ló wà, ọ̀kan ń sọ pé gé mi, èkejì ń sọ pé fi mí sílẹ̀: igi tó ń so èso, igi etí odò, moabi àwọn ará abúlé, ibojì àwọn bàbá ẹnì kan.

A dé ìdí okoumé kan. Agégi náà wọ àkẹtẹ̀ ike, bàtà tó ní irin, ó di etí, ó wo òkè títí. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Madame ní ó ń wo apá tí igi máa wó sí kó má bàa pa àwọn kékeré, ó tún ń wo okùn igbó tó so ó mọ́ igi míì. Ó la ọ̀nà tí òun fúnra ẹ̀ máa sá gbà sẹ́yìn. Ó fọn fèrè. Ẹ̀rọ ké, kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò, igi náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó lọ. Ilẹ̀ mì. Ewé ń já bọ́ lẹ́yìn ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé síbi tí kò dé rí, gbogbo wa dákẹ́, kódà ẹ̀gbọ́n mi tí kì í dákẹ́.

Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú hámà. Ó lu nọ́mbà sí orí ìtì, ó yí padà, ó lu nọ́mbà kan náà sí kùkùté. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lu ti kùkùté, kùkùté ò lọ ibì kankan. Madame ní ìyẹn gan-an ni ìdí ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá mú pákó dé, a lè mú un wá síbí, ká ní ìyá ẹ̀ rèé. Mo fọwọ́ kan kùkùté yẹn, ó tutù, ó ń sun oje tó ń ta sánsán bíi tùràrí. Mo ya fọ́tò ẹ̀.

Lálẹ́, ní kántíìnì, a bá àwọn auditor méjì pàdé, wọ́n wà lẹ́nu àyẹ̀wò ọdọọdún. Ọdún márùn-ún ni sátífíkéètì fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́dọọdún wọ́n ń padà wá, wọ́n á wo igbó, wọ́n á wo bàtà òṣìṣẹ́, wọ́n á bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní nǹkan tó ń da kọ́ńpìnì láàmú jù ni ti igbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀ rí. Lọ́dún 2014 ní Seville, ìpàdé FSC dìbò pé irú igbó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sí. Ní Yúróòpù ìyẹn rọrùn láti sọ, irú igbó bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn! Àmọ́ ní Gabon, ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí ni. Ó tún wá jẹ́ pé torí igbó ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ṣe dá FSC sílẹ̀ lọ́dún 1993, ìgbà tí wọ́n ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má ra igi wa mọ́, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lèyí tó pọ̀ jù nínú igbó tó ní sátífíkéètì sì wà dòní.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní ìbéèrè kan tó ti ń yún mi lọ́fun látàárọ̀. Ta ló ń sanwó fún yín? Ó ní kọ́ńpìnì tí àwọn ń yẹ̀ wò ni. Mo ní háà. Ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ lo fẹ́ fìyà jẹ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ní ẹni tó ń yẹ àwọn wò, tó lè gbàwé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Mo ní ta ló ń sanwó fún ìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ọjọ́ keje, Fráídè

Abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ilé pákó ni gbogbo wọn. Baálẹ̀ wọn, bàbá arúgbó kan tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù, fún wa ní ẹmu. Ìjọba ní kí kọ́ńpìnì máa san ó kéré tán 800 owó CFA fún kúbíìkì mítà igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé, kí wọ́n fi ṣe nǹkan fún abúlé. Mo ní ṣé wọ́n ń san án? Bàbá ní wọ́n ń san án, ó nawọ́ sí ilé olùkọ́ kan tí páànù ẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní ṣé inú yín dùn? Ó dákẹ́. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé, oko ẹ̀gẹ́, ó ti di pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́, ìdí ẹ̀gẹ́ fọ́n káàkiri bí ẹni pé katapílà gbabẹ̀. Erin. Erin igbó tó wà ní Gabon tó nǹkan bí 95,000, kò síbi tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé mọ́, kọ́ńpìnì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, bàbá náà ò gbọdọ̀.

Ó ní "Erin ló ní ìwé. Àwa ò ní."

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ẹ̀ fún mi, wọ́n sì fi ojú sílẹ̀. Madame ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, mi ò mọ bóyá ọ̀rọ̀ erin náà ló ń kọ.

Ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹwàá

Ọkọ̀ ojú irin, Libreville, odika kìlò méjì nínú báàgì. Lálẹ́ Sọ́ńdè mo jókòó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo kọ́ńpìnì ló ti sáré gbà á, wọ́n ní owó ni. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ra igi ló ń bèèrè ìwé, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bèèrè ẹ̀ ló ń fi owó kún owó. Ìjọba ti wá dín owó ilẹ̀ kù fún ẹni tó bá ní in, ìyẹn ló ń fa àwọn kan wọlé díẹ̀díẹ̀. Torí náà ẹni tó ṣòótọ́ àti ẹni tí kò ṣe é lè pàdé lọ́jà kan náà ní iye kan náà. Mo mọ ọjà yẹn, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún mi.

L'Ékòó, Wẹ́sìdeè

Mo fi fọ́tò kùkùté yẹn ránṣẹ́ sí London. Ó fèsì pé ó dáa gan-an, ó ní ṣé pílíwúùdù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ti ara igi yẹn wá? Mi ò tíì fèsì.

Lọ́sàn-án mo lọ sí ọjà pákó ní Mushin, mo dúró níwájú òkìtì okoumé, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé níbo lèyí ti wá. Ó ní "Inú lọ́ọ̀rì." Mo ní kí lọ́ọ̀rì tó gbé e ńkọ́? Ó ní "Bàbá, ẹ̀yin ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Mo ra mẹ́wàá. Kábínẹ́ẹ̀tì Àjáh ni mo fẹ́ fi ṣe, onítọ̀hún ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju ọjọ́ tó máa parí lọ.